Ta ni Wu Zetian, obìnrin kan ṣoṣo tó jọba ní China, tí àwọn oníìtàn àròsọ há mọ́ yàrá?

Ẹni tó bá ra ìwé ìtàn àròsọ nípa Wu Zetian torí kó lè mọ bí obìnrin ṣe ṣèjọba lórí ilẹ̀ China, àfàìmọ̀ kó má pa ìwé náà dé pẹ̀lú ìjákulẹ̀.

Ìfẹ́, owú orogún àti ikú oró ló máa ń kún inú wọn. Nígbà tí eré tẹlifíṣọ̀n The Empress of China jáde ní 2014, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà tó padà dé, wọ́n ti gé àwòrán àyà àwọn obìnrin inú rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ aṣọ wá gbalẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọba lọ.

Ọdún 624 ni wọ́n bí Wu. Oníṣòwò igi gẹdú ni bàbá rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ti ẹni tó dá ìjọba Tang sílẹ̀ lẹ́yìn. Wu kò ju bí ọmọ ọdún 14 lọ nígbà tó wọ ààfin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kékeré Ọba Taizong.

Taizong wàjà ní 649, Wu sì di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ nílé ìsìn Buddha. Gaozong, ọmọ Taizong, ló mú un padà sí ààfin. Ní 655, wọ́n rọ Olorì Wang lóyè, Wu sì gba ipò rẹ̀.

Ibí yìí làwọn oníìtàn àròsọ máa ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n ní Wu fún ọmọ jòjòló tóun fúnra rẹ̀ bí lọ́rùn pa, kó lè dì í ru Wang. Lóòótọ́, ọmọ náà kú. Àmọ́ inú ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba Song kọ, ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn ikú Wu, ni àlàyé kíkún nípa rẹ̀ ti wá, àwọn yẹn kò sì fẹ́ràn kí obìnrin jọba. Pé Wu ló ní kí wọ́n pa Wang, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú.

Láti 660 tí àìsàn ti kọlu Gaozong ni iṣẹ́ ìjọba ti ń bọ́ sọ́wọ́ Wu. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ní 683, ó gbé ọmọ rẹ̀ kan gorí ìtẹ́, ó rọ̀ ọ́ lóyè kó tó pé oṣù méjì, ó fi àbúrò rẹ̀ rọ́pò. Ní 690, òun fúnra rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní Luoyang.

Kì í ṣe ayaba o. Oyè tí àwọn ọkùnrin ń jẹ, huangdi, ló jẹ. Èdè Yorùbá tilẹ̀ gbà á ju èdè Òyìnbó lọ, torí ọba kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ní 686, ó ti ní kí wọ́n gbé àpótí idẹ kalẹ̀ kí ará ìlú máa ju ìmọ̀ràn àti ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Àpótí yìí sọ òfófó di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Lai Junchen ń fìyà jẹ àwọn ìjòyè títí wọ́n á fi jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe, kó tó di pé wọ́n pa òun náà ní 697.

Síbẹ̀, Wu yìí kan náà ló ń jókòó bi àwọn tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọba ní ìbéèrè. Di Renjie, tí Lai ti jù sẹ́wọ̀n rí, padà di ìjòyè tó fọkàn tán jù.

Ti Shangguan Wan'er ló gbani lọ́kàn jù. Wu ló fa ikú bàbá àti bàbá àgbà rẹ̀, wọ́n sì sọ òun àti ìyá rẹ̀ di ẹrú ààfin. Nígbà tó dàgbà, Wu fi ṣe akọ̀wé tó ń kọ àṣẹ ọba. Kí ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì láràárọ̀ tí wọ́n bá wojú ara wọn? Iṣẹ́ ìtàn àròsọ gan-an nìyẹn, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni púpọ̀ nínú wọn ń sá padà sí.

Ní 705, nígbà tí àìsàn dá Wu dùbúlẹ̀, àwọn ìjòyè kó ọmọ ogun wọ ààfin, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ tó ti rọ̀ lóyè rí. Ó kú lọ́dún náà.

Ẹ̀gbẹ́ Gaozong ni wọ́n sin ín sí ní Qianling, nítòsí Xi'an. Òkúta gàgàrà kan dúró níbẹ̀ tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Àwọn àlejò tó wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló fín ọ̀rọ̀ tiwọn sí i lára.