Edwin Armstrong: Ọkùnrin Tí Ó Lé Ariwo Kúrò Nínú Rédíò

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní Life Camp ní ìlú Àbújá, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, ohùn kan a máa ti ẹnu géètì kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ṣọ́ ilé mọ́jú yóò tẹ bọ́tìnì ara wọkí-tọkí ọwọ́ rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, yóò sì mú ìka kúrò kí èsì lè wọlé. Àdúgbò náà gba orúkọ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Julius Berger kọ́ ibùgbé sí ibẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ọba tàbí òwò sì gbé dé ibẹ̀ ti gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ wọn lára. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà Yorùbá sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yìí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì pẹ̀lú. Bí mànàmáná tilẹ̀ ń kọ lójú ọ̀run ní àsìkò òjò, ọ̀rọ̀ náà kò ní fọ́n ká.

Bí ó ṣe rí náà ni pẹ̀lú rédíò FM tí awakọ̀ takisí tàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹnì kan náà ni orísun àwọn méjèèjì, Edwin Howard Armstrong ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe inú ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá òkè àjà ilé bàbá rẹ̀ ni, níbi tí ó ti ń fi wáyà ṣeré nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ḿbà, ọdún 1890, ni a bí i ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé ìtẹ̀wé Oxford tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí ó wà ní kékeré, àìsàn kan kọ lù ú tí ó mú kí èjìká àti ojú rẹ̀ máa fà láìròtẹ́lẹ̀, ó sì di dandan kí a yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé fún bí ọdún méjì, kí a máa kọ́ ọ ní ilé. Àìsàn náà tán, ṣùgbọ́n kò kó àmì rẹ̀ lọ tán: títí ọjọ́ ayé rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá ru, èjìká rẹ̀ a máa fà. Ní ọdún 1902 ni ìdílé náà kó lọ sí Yonkers, ìlú kan tí ó wà létí odò Hudson ní àríwá New York. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ka ìwé nípa Marconi, ará Ítálì tí ó fi iná mànàmáná ránṣẹ́ láìlo wáyà, ó sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé iṣẹ́ olùdásílẹ̀ ẹ̀rọ ni òun yóò ṣe.

Ní ìgbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan tí ń kọrin tàbí tí ń ka ìròyìn. Àwọn tí ó wà lórí afẹ́fẹ́ kò ju ọkọ̀ ojú omi, àwọn ológun, àti àwọn ọmọdékùnrin tí ń fi rédíò najú. Àwọn wọ̀nyí kò rà, wọn kò tà. Fúnra wọn ni wọ́n ń wé wáyà mọ́ páálí, tí wọ́n ń so ẹ̀rọ pọ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kí wọ́n lè bá ẹlòmíràn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́. (Irú wọn ṣì wà títí di òní. Orúkọ ìpè àwọn ti ilẹ̀ Nàìjíríà a máa fi 5N bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tí a ń pè ní Nigeria Amateur Radio Society.) Armstrong ní ọ̀rẹ́ kan ní Yonkers tí ó ń ṣe irú eré náà, Randolph Runyon. A óò tún gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ yìí níwájú.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1910, Armstrong ti ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn tí gíga rẹ̀ tó 125 ẹsẹ̀ bàtà, kí wáyà tí ń gba ìró lè ga sókè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi okùn fa ara rẹ̀ gòkè lọ tún un ṣe. Ẹ̀rù ibi gíga kò bà á rárá. Ṣùgbọ́n bí òpó ti ga tó, ìró tí ń wọlé kò tó nǹkan: a ní láti fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, kí a sì mú èémí dúró, kí a tó gbọ́ ohun tí ẹni tí ó jìnnà ń sọ.

Ìṣòro yìí ni ó kọ́kọ́ yanjú, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia. Fáàfù kan wà, ìyẹn gílóòbù onígíláàsì tí Lee de Forest ṣe ní ọdún 1906, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ dájú bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1912, Armstrong mú ìró tí ó jáde láti inú fáàfù náà, ó dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí ẹnu ibi tí ó gbà wọlé, kí ó lè tún un sọ, kí ó tún un sọ, títí ìró kékeré yóò fi di ńlá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí makirofóònù ilé ìjọsìn ṣe ń hu nígbà tí a bá gbé e kọjú sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti rí irú nǹkan náà. Armstrong tún ṣàkíyèsí pé bí ìdápadà náà bá pọ̀ jù tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí hu, fáàfù tí ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí ń sọ. Ohun kan náà lè gbà, ó sì lè ránṣẹ́.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ náwó sí ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùdásílẹ̀ títí ọmọ yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ta alùpùpù tí ó ń gùn lọ sí ilé-ìwé, síbẹ̀ owó kò pé. Ohun tí ó rí ṣe ni pé ó mú àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹni tí ń fi òǹtẹ̀ sí ìwé ní ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọdún 1913, ó sì san sẹ́ǹtì 25. Oṣù Ọ̀kítóbà ọdún náà ni ó tó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́. Ìdádúró yìí ni ó fún De Forest láàyè láti sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i, ẹjọ́ tí ó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n rán Armstrong lọ sí Paris pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀ kejì ní ọdún 1918, èyí tí a ń pè ní superheterodyne. Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ wo oníṣòwò kan ní ọjà ẹnubodè tí àwọn oníbàárà ń mú sẹ́fà, sídì àti pọ́n-ùn wá bá. Kò ní máa ka owó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí náírà, kí ó tó jókòó kà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ Armstrong: ìgbì yòówù kí ó wọlé láti inú afẹ́fẹ́, yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìgbì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ dunjú, kí ó tó sọ ọ́ di ńlá. Ètò yìí ni ó gbilẹ̀ nínú rédíò ilé, tẹlifísàn àti wọkí-tọkí káàkiri ayé.

Owó dé. Ní ọdún 1920 ilé-iṣẹ́ Westinghouse san 335,000 dọ́là fún un lórí àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ RCA sì fún un ní ìpín ìdókòwò púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ó di olówó, ṣùgbọ́n kò fi àwọn ọ̀rẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1921, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Radio Club of America gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Greenwich ní ìpínlẹ̀ Connecticut, wọ́n sì pè é ní 1BCG. Òfin ti lé àwọn a-fi-rédíò-najú sí ìgbì kúkúrú tí kò ju 200 mítà lọ, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ìgbì bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ọ̀nà jíjìn. Ẹlẹgbẹ́ wọn kan, Paul Godley, rékọjá òkun lọ sí Ardrossan ní Scotland, ó pàgọ́ sí etíkun nínú òtútù àti òjò, ó sì tan ẹ̀rọ superheterodyne sílẹ̀. Ó gbọ́ 1BCG ketekete láti òdì kejì Òkun Àtìláńtíìkì. Iṣẹ́ àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ni èyí, ìlò ìgbì kúkúrú tí ó gba ayé kan lẹ́yìn náà sì jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ní ọdún 1923 Armstrong fẹ́ Marion MacInnis, akọ̀wé David Sarnoff tí ó jẹ́ ọ̀gá ní RCA. Kí ìgbéyàwó tó wáyé ni ó ti gun òpó RCA tí ó wà lórí ilé gíga kan ní New York, tí ó sì fi ẹsẹ̀ kọ́ sókè kí a lè ya fọ́tò rẹ̀. Inú Sarnoff kò dùn sí i rárá. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì nígbà náà.

Ọdún 1934 burú fún un, ó sì dára. Nínú oṣù Méè, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀tọ́ ìdápadà ìró náà fún De Forest. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà gbà pé àwọn adájọ́ kò lóye iṣẹ́ náà. Armstrong mú àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà rédíò ti fún un lórí iṣẹ́ yìí lọ sí ìpàdé wọn láti dá a padà. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ti wà nílẹ̀; ní ọjọ́ 26 oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1933 ni ìjọba ti fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ FM. Kò sí ẹni tí FM yẹ kí ó yé bí ọmọ Yorùbá tí ó mọ gángan. Rédíò àtijọ́ dà bí ìlù tí a ń fi agbára lílù sọ̀rọ̀: a lù ú kíkan, a lù ú jẹ́jẹ́. Bí àrá bá sán, ó ti da ọ̀rọ̀ rú, nítorí ariwo náà jẹ́ kíkan àti jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n onígángan a máa fún okùn ìlù rẹ̀, a sì máa dẹ̀ ẹ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ariwo ọjà lè pọ̀, kò lè sọ ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Armstrong ṣe fi ọ̀rọ̀ sínú gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ìgbì, ó sì kọ́ ẹ̀rọ tí ń gbà á kí ó má ka agbára rẹ̀ sí.

Sarnoff gbà á láàyè láti dán an wò lórí ilé Empire State ní New York. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú Radio Club, George Burghard, ní etíkun Long Island ni wọ́n ti gbọ́ ọ, láìsí ariwo. Àmọ́ ní ọdún 1935 RCA sọ fún un pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò, nítorí tẹlifísàn ni wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀. Níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti tì í sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ti dìde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Armstrong dúró níwájú àwọn ẹnjiníà ní New York, ó ka ìwé rẹ̀ tán, ó sì tan ẹ̀rọ kan. Láti inú ilé Runyon ní Yonkers, lórí ẹ̀rọ ìnajú rẹ̀ tí orúkọ ìpè rẹ̀ ń jẹ́ W2AG, ni ìró ti wọlé. Wọ́n gbọ́ bí a ṣe ń da omi sínú ife, wọ́n gbọ́ bí a ṣe ń rún pépà. Kò sí rédíò tí ó tíì sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde rí.

Ó ta púpọ̀ nínú ìpín ìdókòwò rẹ̀, ó sì fi owó náà gbé òpó tí ó ga ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ dúró sí Alpine ní New Jersey, lókè odò Hudson. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó yọ̀ǹda kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo FM láìsan owó ẹ̀tọ́. Inú ọkọ̀ ogun àti ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ohùn náà ti jáde: rédíò àgbékẹ́yìn tí Motorola ṣe, SCR-300, FM ni ó ń lò.

Ogun parí tán, ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1945 ìjọba Amẹ́ríkà ṣí FM kúrò ní ààyè tí ó wà láàrin 42 sí 50, ó gbé e lọ sókè sí àgbègbè 88 sí 108. Rédíò FM gbogbo tí àwọn ènìyàn ti rà di ẹrù òfo. Orí ààyè tuntun yìí ni Raypower, ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1994, lórí 100.5. Ṣùgbọ́n fún Armstrong, ó dà bí ìgbà tí a wó ilé ènìyàn lórí. RCA sì ń ṣe ẹ̀rọ FM láìsan ẹ̀tọ́ fún un. Ní ọdún 1948 ó gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò wọn fi ìbéèrè dá a dúró fún bí ọdún kan. Owó rẹ̀ ń tán, ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ń sún mọ́ ìgbà tí agbára rẹ̀ yóò pin. Marion bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà láti parí ẹjọ́, ó kọ̀. Ìjà dé láàrin tọkọtaya ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953, Marion sì lọ sọ́dọ̀ arábìnrin rẹ̀. Ènìyàn lè sọ pé oríkunkun ni. Oríkunkun náà ni ó gbé e gun òpó, òun náà ni kò jẹ́ kí ó gba ìdajì ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọdún 1954, ọjọ́ tí ó pé ọdún 41 gééré tí ó san sẹ́ǹtì 25 fún òǹtẹ̀, ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni.

Marion kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Ní ìparí ọdún 1954 RCA san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ṣẹ́gun èyí tí ó kẹ́yìn, Motorola, ní ọdún 1967. Òpó Alpine kò wó. Nígbà tí ilé gogoro méjì World Trade Center ṣubú ní ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 2001, tí àwọn eriali orí wọn sì bá wọn lọ, orí òpó Armstrong ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifísàn kan ní New York sá lọ kí wọ́n lè padà sórí afẹ́fẹ́.