Masataka Taketsuru: Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Gbé Wísíkì Lọ sí Jàpáànù

Ní ọdún 1962, ilé-iṣẹ́ Nikka ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù gbé wísíkì kan jáde tí ìgò rẹ̀ jẹ́ 3,000 yẹ́nì. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé òmíràn jáde, 500 yẹ́nì péré ni tirẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló wà nídìí ìgò méjèèjì. Òun ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì sí èyí tí apá rẹ̀ kò ká nínú wọn. Síbẹ̀, èyí tó jẹ́ 500 yẹ́nì ni ó máa ń mu ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó dàgbà. Orúkọ rẹ̀ ni Masataka Taketsuru. Bàbá wísíkì ni àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń pè é lónìí, ṣùgbọ́n kí ó tó di bàbá ẹnikẹ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, tó gbé ìwé àkọsílẹ̀ dání lọ sí òkè òkun.

Wọ́n bí Taketsuru ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1894 ní ìlú Takehara, ní agbègbè Hiroshima. Ìdílé alọ́tìí ni wọ́n. Láti ọdún 1733 ni wọ́n ti ń ṣe sáké, ìyẹn ọtí tí àwọn ará Jàpáànù ń fi ìrẹsì ṣe. Ìrètí àwọn òbí rẹ̀ ni pé òun ni yóò jogún iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọtí ṣíṣe ní Osaka. Ṣùgbọ́n ọtí àwọn òyìnbó ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní ọdún 1916, ó gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Settsu Shuzo ní Osaka. Ohun tí wọ́n ń pè ní wísíkì ní Jàpáànù nígbà náà kì í ṣe ojúlówó: ọtí líle lásán ni wọ́n ń fi ṣúgà, èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán àti àwọ̀ sí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé irọ́ kì í pẹ́ kó tó tú. Ó pinnu láti rán ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ sí Skọ́tílándì, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà láti orísun rẹ̀.

Ní ọdún 1918 ni Taketsuru gbéra. Ó gba Amẹ́ríkà kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí Skọ́tílándì ní oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Glasgow láti kọ́ nípa kẹ́mísírì. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìwé nìkan kò lè kọ́ òun ní ọtí pípọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìpọntí kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró yóò tètè lóye ohun tí Taketsuru lọ wò. Wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ á gba inú ọ̀pá tó la omi tútù kọjá, á sì padà di ọtí. Ìyàtọ̀ ni pé inú ẹmu ni ògógóró ti ń wá, inú ọkà báálì ni wísíkì Skọ́tílándì ti ń wá. Wọ́n á rẹ báálì náà sómi títí yóò fi hù, bí àwọn tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń ṣe àgbàdo. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á sì fi ìwúkàrà sí i kí ó lè kan, kí wọ́n tó dà á sínú ìkòkò bàbà ńlá. Bí wọ́n bá fi pííti gbẹ báálì náà, ìyẹn ewéko àbàtà tó ti jẹrà di ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gbẹ́ dáná, ọtí náà á máa rùn èéfín. Lẹ́yìn pípọn, wọ́n á tì í mọ́ inú àgbá onígi fún ọdún 3 ó kéré tán. Inú àgbá yìí ló ti ń rí àwọ̀ rẹ̀ àti púpọ̀ nínú adùn rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Taketsuru rí. Ní ilé ìpọntí Longmorn, nítòsí ìlú Elgin, níbi tó ti lo ọjọ́ 5 ní oṣù Kẹrin ọdún 1919, báálì nìkan ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pọn ọ́n nínú ìkòkò bàbà, èédú ni wọ́n sì ń kó sábẹ́ ìkòkò. Ọtí agbègbè náà a máa rọ̀ lọ́fun, òórùn èso a sì máa wà lára rẹ̀. Ní ìlú Bo'ness, ẹ̀rọ gíga kan tó ń jẹ́ Coffey ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń gba ọkà oríṣiríṣi, iṣẹ́ rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró bíi ti ìkòkò, ọtí tó ń jáde nínú rẹ̀ fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. Ní ìlú Campbeltown, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan ní ilé ìpọntí Hazelburn. Ọtí tibẹ̀ wúwo, ó sì máa ń kún ẹnu. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ a máa da ọtí ìkòkò pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ Coffey. Àdàlù yìí gan-an ló gbé wísíkì Skọ́tílándì kárí ayé, nítorí pé ó rọrùn láti mu, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Gbogbo ohun tí Taketsuru rí ló kọ sílẹ̀, tó sì yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Kì í ṣe ọtí nìkan ló rí níbẹ̀. Ìdílé Cowan ní Kirkintilloch, lẹ́bàá Glasgow, pè é kí ó wá kọ́ ọmọkùnrin ilé wọn ní ìjà júdò. Ibẹ̀ ni òun àti Jessie Roberta, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rita, ti pàdé. Àwọn ẹbí ìhà méjèèjì kò fẹ́ ìgbéyàwó náà rárá. Wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Glasgow ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1920. Taketsuru sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ṣe tán láti fìdí kalẹ̀ sí Skọ́tílándì nítorí rẹ̀. Rita ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Jàpáànù ni àlá ọkọ òun wà, ibẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì yóò lọ. Wọ́n dé ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Àmọ́ nǹkan ti yí padà nílé. Ọrọ̀-ajé ti dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ogun, Settsu Shuzo kò sì lówó tí wọ́n lè fi kọ́ ilé ìpọntí mọ́. Taketsuru fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1922, ó di olùkọ́ kẹ́mísírì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Osaka. Rita ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti dùùrù títẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Shinjiro Torii ránṣẹ́ sí i. Oníṣòwò wáìnì dídùn ni Torii, òun ló ni ilé-iṣẹ́ Kotobukiya tó padà di Suntory. Àdéhùn ọdún 10 ni wọ́n jọ ṣe, Taketsuru sì kọ́ ilé ìpọntí wísíkì àkọ́kọ́ ní Jàpáànù fún un ní Yamazaki, láàárín Kyoto àti Osaka. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1924, ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kán nínú àwọn ìkòkò wọn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ti wọ̀. Taketsuru fẹ́ kí wọ́n lọ kọ́lé sí Hokkaido ní àríwá, níbi tí òtútù àti pííti wà bíi ti Skọ́tílándì. Torii ní ibi tí omi rẹ̀ dára tó sì súnmọ́ oníbàárà lòun fẹ́. Ní ọdún 1929, wísíkì wọn àkọ́kọ́, Shirofuda, dé ọjà, kò sì tà. Èéfín inú rẹ̀ pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ará Jàpáànù. Torii rí i pé ẹnu ẹni tó ń rówó ra ọtí ló yẹ kí alọ́tìí tẹ̀ lé. Ní ti Taketsuru, ohun tí ó kọ́ ni ó fẹ́ ṣe, bí ẹnu àwọn ènìyàn kò bá tíì mọ̀ ọ́n, yóò mọ̀ ọ́n bó pẹ́ bó yá. Wọ́n gbé e lọ máa bójú tó ilé-iṣẹ́ bíà ní Yokohama. Nígbà tí àdéhùn wọn pé ní ọdún 1934, ó dágbére fún Torii.

Ta ló jàre nínú wọn? Èmi kò rò pé ó rọrùn láti dá a. Lẹ́yìn tí Taketsuru lọ, Torii gbé Kakubin jáde ní ọdún 1937. Ọtí náà rọ ẹnu, ó tà wàràwàrà, ó sì wà lọ́jà títí dòní. Ẹni tó bá ní ọtí tó bá ẹnu oníbàárà mu kì í ṣe ojúlówó ti sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n láìsí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kọ́ ojúlówó wá, kí ni Torii ì bá rí tí yóò mú rọ̀?

Taketsuru forí lé ìlú Yoichi ní Hokkaido. Àwọn olówó díẹ̀ ló dúró tì í, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọkọ obìnrin tí Rita ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé wísíkì kì í di títà lọ́dún tí a pọn ọ́n, omi èso ápù ló kọ́kọ́ ń tà, Dai Nippon Kaju ló sì sọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1940 ni wísíkì rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Inú orúkọ Nippon Kaju yẹn ni wọ́n ti gé Nikka. Èédú ló ń kó sábẹ́ ìkòkò ní Yoichi, bó ṣe rí i ní Longmorn, ọtí ibẹ̀ sì wúwo, ó ń rùn èéfín díẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń gba ọtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ojú Rita rí màbo. Ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá ni wọ́n kà á sí, àwọn ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ pé bóyá amí ni. Kò sá.

Lẹ́yìn ogun, ìyà ti sọ gbogbo ìlú di aláìlówó. Wísíkì onípò kẹta ni ará ìlú ń rà, èyí tí òfin kò gbà kí ojúlówó ọtí báálì inú rẹ̀ tó ìdá kan nínú ogún. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ fi ẹyọ kan sí i. Taketsuru kọ̀ láti ṣe é fún ìgbà pípẹ́, títí owó fi ń wọ́n ilé-iṣẹ́ tí àwọn onípìn-ín sì ń fúngun mọ́ ọn. Ní ọdún 1950, ó gbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí òfin fàyè gbà ló fi sí tirẹ̀. Ibí yìí ni mo rò pé ìgbésí ayé rẹ̀ ti yí padà. Ó rí i pé kíkọ ọtí pọ́ọ́kú sílẹ̀ kò ran tálákà lọ́wọ́. Ṣíṣe é dáradára ló ń ràn án lọ́wọ́.

Rita kú ní oṣù Kìíní ọdún 1961, ní ẹni ọdún 64. Ọ̀fọ̀ náà wọ Taketsuru lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Nígbà tó jáde, ó fi ojú sí wísíkì tí yóò fi rántí rẹ̀, èyí ni Super Nikka ti 1962, ìgò 3,000 yẹ́nì yẹn. Ní ọdún 1963, ó ra ẹ̀rọ Coffey wá láti Skọ́tílándì. Ẹ̀rọ náà ti di ti àtijọ́ nígbà náà, àwọn tuntun wà tó ń yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ nítorí pé kì í fọ adùn ọkà kúrò nínú ọtí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hi Nikka jáde ní 500 yẹ́nì. Èyí ló ń fi omi là mu ní alaalẹ́, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ń mu nìyẹn. Ìwọ̀n tó ń mu kì í ṣe ohun tí a lè bá a ṣe o. Kò sí dókítà tí yóò gbà á fún wa.

Ní ọdún 1969, ó kọ́ ilé ìpọntí kejì, Miyagikyo, lẹ́bàá Sendai. Ọtí ibẹ̀ rọ̀, òórùn èso sì wà lára rẹ̀, bí ẹni pé Taketsuru ti fara mọ́ apá kan nínú ohun tí Torii ń sọ. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ní ẹni ọdún 85. Ẹ̀gbẹ́ Rita ni wọ́n sin ín sí ní Yoichi, lórí òkè tó kọjú sí ilé ìpọntí náà. Ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Nikka ra ilé ìpọntí Ben Nevis ní Skọ́tílándì. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ wá di onílé ní ìlú olùkọ́.

Lónìí, wísíkì Jàpáànù ti di ọ̀wọ́n. Àwọn oníbàárà pọ̀ débi pé ní ọdún 2015, Nikka kò rí ọtí tó ti pẹ́ nínú àgbá tó mọ́, wọ́n sì dá títa Yoichi àti Miyagikyo tí wọ́n ń kọ iye ọdún sí lára dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ìgò nítorí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kì í mutí kò pàdánù nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa rà á, kí ó kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹnu òun fẹ́: wíwúwo bíi ti Yoichi, rírọ̀ bíi ti Yamazaki, tàbí àdàlù tó wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó béèrè owó. Taketsuru mọ ohun tó wà nínú gbogbo ìgò rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú èyí tó kéré jù. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ láti mu ún.