Ìyá tí Iná Tú Ilé Rẹ̀ Ká

Bí a bá dárúkọ Wesley nínú ẹgbẹ́ wa, John ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ bá. Àwọn mìíràn á rántí Charles nítorí orin, torí kò sí bí a ó ṣe ṣí ìwé orin Yorùbá wa tí a kò ní bá tirẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé rẹ̀ ni ìyá wọn, Susanna, pàápàá ohun tí ojú òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí lẹ́yìn tí ilé wọn jóná. Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ ìtàn ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n yọ láti ojú fèrèsé nínú iná. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọmọ náà tán. Níbo ni gbogbo wọn sùn? Ta ló gbà wọ́n sílé? Báwo ni wọ́n ṣe tún padà di ìdílé kan?

Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí Susanna sí, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1669. Bàbá rẹ̀, Samuel Annesley, wà lára àwọn oníwàásù tí wọn kò sí nínú Ìjọ Áńgílíkà mọ́ nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn. Ilé rẹ̀ kún fún ọmọ, ó sì kún fún ìwé. Susanna kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fi jókòó ro ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, tó sì pinnu pé Ìjọ Áńgílíkà tí bàbá òun fi sílẹ̀ ni òun máa padà sí. Bàbá rẹ̀ kò sì lé e nílé. Ní ọdún 1688 ó fẹ́ Samuel Wesley, ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn ewì ju ìṣirò owó lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí fún un. Mẹ́wàá péré ló dàgbà.

Epworth ni wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sí, ìlú kékeré kan ní Lincolnshire, níbi tí àbàtà pọ̀ sí. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn àlùfáà yìí. Ó le koko, ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Iná ti kọ́kọ́ jó apá kan ilé náà ní 1702. Lẹ́yìn ìyẹn, oko ọ̀gbọ̀ wọn jóná. Ní 1705, lẹ́yìn ìbò kan tó gbóná, wọ́n mú Samuel lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè tí kò tó 30 pọ́n-ùn. Ibi tó wà ní ẹ̀wọ̀n ni ó ti gbọ́ pé wọ́n ti gún àwọn màlúù ilé òun lọ́bẹ lóru, àwọn màlúù tí ìyàwó rẹ̀ fi wàrà wọn bọ́ ọmọ. Susanna kò ní owó tí ó lè fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ló bá bọ́ àwọn òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ó tà wọ́n. Samuel dá wọn padà.

Báyìí ni wọ́n wà títí di alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1709. Igi ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, koríko ni òrùlé rẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ kíkankíkan. Ọ̀gànjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Koríko tó ń jó já bọ́ sórí ibùsùn Hetty, ó jó o lẹ́sẹ̀. Samuel gbọ́ igbe iná láti òde, ó sáré jí ìyàwó rẹ̀. Ara Susanna kò yá, oyún ńlá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan gba ojú fèrèsé jáde, àwọn kan gba ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun kò lè gun fèrèsé, kò sì lè dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbìyànjú láti gba ẹnu ọ̀nà iwájú, tí iná lé e padà. Ó gbàdúrà, ó sì la iná náà kọjá pẹ̀lú oyún nínú. Ọwọ́ àti ojú rẹ̀ nìkan ni iná rà díẹ̀.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ ti gbé Charles, ọmọ ọdún kan, ó sì ní kí àwọn yòókù tẹ̀ lé òun. John kò gbọ́, oorun ló ń sùn. Nígbà tó jí, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá rẹ̀ gbìyànjú láti gun òkè, àtẹ̀gùn ti ń jó. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀mí ọmọ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọmọ náà gun orí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé. Àyè kò sí láti wá àkàsọ̀, ni ọkùnrin kan bá gun èjìká ẹnì kejì, ó fa ọmọ náà jáde. Bó ṣe ń jáde báyìí ni gbogbo òrùlé wó sínú ilé. Samuel ní kí àwọn aládùúgbò kúnlẹ̀ kí àwọn jọ dúpẹ́, nítorí àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nílé ló pé. Samuel kékeré, àkọ́bí wọn, ti wà ní ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, bàbá náà ń rìn nínú ẹ̀rún ilé, ó rí ojú ewé kan tó ṣẹ́kù lára Bíbélì ńlá rẹ̀. Ibi tí Jésù ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ pé kí ó lọ ta ohun gbogbo tó ní ni ó ṣì ṣeé kà níbẹ̀. Mi ò mọ bóyá ó rẹ́rìn-ín. Èmi ì bá rẹ́rìn-ín.

Ibí ni ìwàásù sábà máa ń parí sí, ibí sì ni wàhálà ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ilé kankan ní Epworth tó lè gba gbogbo wọn. Wọ́n pín àwọn ọmọ káàkiri, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ aládùúgbò àti ẹbí. Sukey àti Hetty lọ sọ́dọ̀ arákùnrin bàbá wọn, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀n. Emilia nìkan, tí kò ju ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ló dúró ti ìyá rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n gbà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Susanna bí Kezia, àbíkẹ́yìn, sínú ipò yìí.

Ṣáájú iná, ilé-ìwé ni ilé Susanna. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Bí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún, ọjọ́ kan péré ni ó fi ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjì tó lo ọjọ́ kan àbọ̀, ìyá wọn kà wọ́n sí ẹni tó lọ́ra! Ní ọjọ́ kejì wọ́n á ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Nígbà tí ó wá ń kọ ìwé sí John ní 1732 nípa bí ó ṣe tọ́ wọn, kò fi àkókò ṣòfò lórí àga àti aṣọ tó jóná. Títúká àwọn ọmọ ni ó pè ní àdánù. Nínú ilé onílé, wọ́n bá àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ṣeré bí ó ti wù wọ́n, wọ́n ń sáré káàkiri ìgboro, wọn kò bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ Olúwa mọ́. Wọ́n kọ́ orin tí kò yẹ, ohùn ẹnu wọn yí padà, ìwà wọn sì le.

Ó yé mi. Èmi náà gbé lọ́dọ̀ àǹtí ìyá mi ní ìlú mìíràn fún ọdún méjì ní kékeré. Wọ́n tọ́jú mi dáadáa, wọn kò fi nǹkan kan dù mí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mo padà délé, mo kí ìyá mi lórí ìdúró, bí a ṣe ń kí wọn níbẹ̀. Màámi kò bínú. Wọ́n kàn wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá kàwé ní òkè Ọya níhìn-ín bíi tèmi, ẹ mọ bí ènìyàn ṣe ń lọ tí ilé ò ní tètè mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwa Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóòótọ́, kò pé ọdún kan tí Samuel fi kọ́ ilé mìíràn, bíríkì ni ó fi kọ́ ọ, ilé náà ṣì wà ní Epworth títí dòní, àwọn àlejò sì ń lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ilé àlùfáà kì í ṣe ilé ọba. Nǹkan bí 400 pọ́n-ùn ni ó ná, gbèsè sì gun orí gbèsè. Emilia sọ nígbà tó yá pé ọdún tí òun àti ìyá òun fi gbé yàrá lẹ́yìn iná rọrùn fún òun, torí òun ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, òun sì ń ka ìwé lálẹ́. Inú ilé tuntun ni ojú òun ti là pé àwọn ti di òtòṣì. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn iná náà tí ilé kò tíì ní àga àti ibùsùn tó tó, tí aṣọ kò sì tó ọmọ.

Susanna kò lè ra àga, ṣùgbọ́n ó lè kó ọmọ jọ. Nígbà tí gbogbo wọn padà délé, ó yí ètò ilé padà. Sáàmù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárọ̀, òun ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, ẹ̀gbọ́n kan á mú àbúrò kan, wọn á lọ ka Sáàmù ọjọ́ náà àti orí kan nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ní nǹkan bí 1711 sí 1712, Emilia rí ìwé kan nínú yàrá ìkàwé bàbá rẹ̀, nípa àwọn míṣọ́nárì tí ọba Denmark rán lọ sí Tranquebar ní Íńdíà. Ó kà á fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò fi Susanna sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ronú pé bí òun kò bá lè lọ sí Íńdíà, àwọn ọmọ wà nílé. Ó wá pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún wọn, kí òun àti ọmọ kọ̀ọ̀kan máa jókòó sọ̀rọ̀ ní àwọn nìkan. Mọ́ńdè jẹ́ ti Molly, Túsìdeè ti Hetty, Wẹ́sìdeè ti Nancy, Tọ́sìdeè ti John, Fúráídè ti Patty, Sátidé ti Charles. Emilia àti Sukey ló ni alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ ro bí iṣẹ́ ilé náà ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì tún ka ètò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó ṣì máa yọ ìwọ̀nba àkókò alẹ́ Tọ́sìdeè yẹn sọ́tọ̀ fún òun.

Ìgbà òtútù yẹn náà ni ti ilé ìdáná ṣẹlẹ̀. Samuel wà ní Lọ́ńdọ̀n ní ìpàdé àwọn àlùfáà. Susanna ń ka ìwàásù fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan sọ fún òbí rẹ̀, òbí sọ fún aládùúgbò, nígbà tó yá ó lé ní 200 ènìyàn tó ń wá, àwọn mìíràn sì ń padà nítorí àyè kò gbà wọ́n. Igbákejì àlùfáà bínú, torí èrò ilé ìdáná ti ju ti ilé ìjọsìn lọ, ó kọ̀wé sí Samuel. Samuel ní kí ìyàwó òun dá a dúró. Susanna fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí ó bá fẹ́ kí òun dá a dúró, kí ó má kàn sọ pé ó wu òun. Kí ó pa á láṣẹ gidi, kí ọ̀rọ̀ náà lè wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ dúró níwájú Krístì. Samuel kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ̀ tó wọ̀ mí lára: ó ní ìpàdé yìí ti mú kí àwọn ará ìlú fẹ́ràn ìdílé àwọn. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó dá iná 1709, bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló dá a. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti gún màlúù rẹ̀ lọ́bẹ ni, àwọn ará ibẹ̀ ló sì wá kún ilé ìdáná rẹ̀.

Mi ò ní fi Hetty pamọ́ o. Òun ló mọ ewì jù nínú àwọn ọmọbìnrin náà, ó sì ti ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì ní kékeré. Ní 1725 ó sá lọ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kò fẹ́ ẹ, ó lóyún. Wọ́n sáré fà á fún ọkọ kan tó ń mu ọtí. Bàbá rẹ̀ kò dárí jì í títí ó fi kú. Ọwọ́ ìyá náà kò tètè rọ̀. John ló gun orí pẹpẹ ní 1726, tó wàásù pé ìfẹ́ tọ́ sí ẹni tó ṣubú pẹ̀lú, bàbá sì mọ ẹni tí ó ń bá wí. Àwọn alẹ́ Túsìdeè kò gba Hetty lọ́wọ́ èyí. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń fi Susanna ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn òbí mọ apá yìí pẹ̀lú.

Samuel kú ní 1735. Ilé bíríkì kì í ṣe tiwọn, ti ìjọ ni, nítorí náà Susanna tún di ẹni tó ń gbé ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ọ̀dọ̀ John ló parí rẹ̀ sí, ní Foundery ní Lọ́ńdọ̀n, ilé tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun rí kí ìbúgbàù tó bà á jẹ́, tí John sì tún un ṣe fún ìjọsìn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù keje ọdún 1742. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà gan-an, ní oṣù kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman mú iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry.

Nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, márùn-ún ló ṣì wà láyé: Emilia, Sukey, Hetty, Nancy àti Patty. Àwọn àti John ló yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ó ti bẹ̀ wọ́n pé bí òun bá ti lọ tán, kí wọ́n kọ Sáàmù ìyìn sí Ọlọ́run. Nígbà tí ẹ̀mí bọ́, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́.