Bí Ọbabìnrin Elizabeth ṣe tu Nkrumah lójú nígbà tí àbẹ̀wò Ghana yẹ̀

Oṣù kọkànlá ọdún 1959 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe àbẹ̀wò sí Ghana. Ètò ti ń lọ ní pẹrẹu, Olóòtú Ìjọba Kwame Nkrumah sì ti ń fojú sọ́nà fún àlejò ńlá náà. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí Ghana gba òmìnira. Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà láàárín ọdún náà: Ọbabìnrin kò ní í lè wá mọ́, ó di ìgbà mìíràn. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí tó Nkrumah létí, tí kò fi di ìjà láàárín ìlú méjèèjì, wà lára ohun tí kì í sábà wọ inú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún yóò kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti wá. Abúlé Nkroful, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Ghana, ni wọ́n ti bí i ní 1909. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ Nyaniba sì ń ṣòwò. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìdánilójú ọjọ́ tí wọ́n bí òun, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ Sátidé ni, nítorí Kwame ni àwọn Akan ń sọ ọmọkùnrin tí a bá bí lọ́jọ́ náà. Ó ṣe tíṣà, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1935, sí yunifásítì Lincoln. Ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó ta ẹja ní Harlem, ó fọ abọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kí ó lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Ní 1945 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1947 ni ó tó padà sílé.

Láti ìgbà náà, eré burúkú ni. Ó dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀ ní 1949, àwọn òyìnbó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1950, inú ẹ̀wọ̀n ni ó sì wà tí àwọn ará ìlú fi dìbò fún un ní 1951. Gómìnà Arden-Clarke tú u sílẹ̀, ó sì ní kí ó wá dá ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, Gold Coast di Ghana.

Ọbabìnrin ṣì ni olórí Ghana lábẹ́ òfin nígbà náà. Ẹ ó sì rántí pé Nàìjíríà ti gbà á lálejò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, tí ó dé Ìbàdàn, tí èrò sì pọ̀ bí omi. Kò dé Gold Coast nínú ìrìn-àjò yẹn. Nítorí náà, bí ó bá tún yẹ̀ ní 1959, ohun tí àwọn alátakò yóò máa sọ kò ṣòro láti mọ̀, pàápàá nígbà tí Nkrumah ti ṣe òfin àtìmọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́ ní 1958.

Oyún ni ó dá ìrìn-àjò dúró. Ọbabìnrin wà ní Kánádà ní 1959 nígbà tí ó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹta, Andrew, tí wọ́n bí ní oṣù kejì ọdún 1960. Àṣírí ni ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí Nkrumah kà á nínú ìwé ìròyìn bí ará ìta. Ó rán akọ̀wé rẹ̀, Martin Charteris, lọ sí Accra láti lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Nkrumah wọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àṣà ààfin mọ̀ pé ìkọ̀ tí ọba rán láti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Wọn kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ọbabìnrin gba Nkrumah lálejò ní Balmoral, ààfin ìsinmi rẹ̀ ní Skọ́tlándì, ó sì fi í sí ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ọba tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Kò tíì sí adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kan tó wọ ibẹ̀ rí. Nígbà tó di oṣù kọkànlá tí àbẹ̀wò ìbá wáyé, ọkọ rẹ̀, Philip, ni ó wá sí Accra, tí òun àti Nkrumah jọ ṣí ilé-ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Ghana. Ipò ò ṣófo.

Ghana yan ààrẹ tirẹ̀ ní 1960, Nkrumah sì ni. Ọdún 1961 ni wọ́n wá dá àbẹ̀wò náà padà, àmọ́ nǹkan ti bàjẹ́. Nkrumah ti lọ sí Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní Sekondi àti Takoradi, J. B. Danquah àti ọ̀pọ̀ alátakò sì ti wà ní àhámọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àlejò dé, bọ́ǹbù dún ní Accra, ó ba ère Nkrumah jẹ́. Ọ̀pọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí Ọbabìnrin má lọ. Mínísítà Duncan Sandys ní láti wá sí Accra, kí ó bá Nkrumah gun ọkọ̀ gba ọ̀nà tí àlejò yóò gbà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ewu wà.

Ọbabìnrin kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ń lọ. Ó tọ̀nà. A lè dárí ji ẹni tó yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀kan nítorí oyún, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìbẹ̀rù, ìbá ti lé Nkrumah lọ bá àwọn ará Rọ́ṣíà pátápátá. Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni ó gúnlẹ̀. Ó bá Nkrumah jó ní gbangba, àwòrán ijó náà sì káàkiri ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Macmillan, Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọ Ààrẹ Kennedy kí Amẹ́ríkà yá Ghana lówó ìsédò odò Volta ní Akosombo. Kennedy gbà ní oṣù kejìlá.

Ijó yẹn kò tú Danquah sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé e ni ó tó jáde. Wọ́n tún gbé e ní 1964, inú ẹ̀wọ̀n náà ni ó sì kú sí ní 1965.

Oṣù kìíní ọdún 1966 ni Nkrumah ṣí ìsédò Akosombo. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, nígbà tí ó ń lọ sí Hanoi, àwọn sójà gba ìjọba rẹ̀. Ó lọ bá Sékou Touré ní Conakry, ibẹ̀ ni ó gbé títí tí àìsàn fi gbé e lọ sí Bucharest, tí ó sì kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1972. Guinea ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, lẹ́yìn náà Nkroful. Ní 1992, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Accra, sí pápá tí ó ti kéde òmìnira Ghana lálẹ́ ọjọ́ kìíní.