Palestrina, Àgbà nínú Àwọn Olórin Ìjọ

Ní nǹkan bí ọdún 1525 ni a bí Giovanni Pierluigi ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Palestrina, tí kò jìnnà sí Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì. Orúkọ ìlú yìí ni ayé fi ń pè é títí di òní. Nígbà tí ó di ọdún 1537, ó ti wà lára àwọn ọmọdékùnrin tí ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore ní Róòmù. Ní 1544 ó padà sí ìlú rẹ̀ láti máa tẹ dùùrù, kí ó sì máa kọ́ àwọn akọrin. Níbẹ̀ ni ó ti gbé Lucrezia Gori níyàwó ní 1547.

Orí sì gbè é. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà di Póòpù ní 1550, ó sì ń jẹ́ Julius Kẹta. Kò gbàgbé ẹni tí ń tẹ dùùrù ní Palestrina. Ní 1551 a fi í ṣe olùkọ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1555 Póòpù sì fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀ gan-an, láìdán ohùn rẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó láya nílé. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Julius kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Marcellus Kejì tí ó jẹ tẹ̀ lé e kò lò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Paul Kẹrin, tí ó jẹ lẹ́yìn wọn, kò fẹ́ rí akọrin tí ó láya. Ó yọ Palestrina àti àwọn méjì mìíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Palestrina kò bọ́hùn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ti Lateran.

Nínú irú orin tí ó ń kọ, ohùn mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó ń jùmọ̀ rìn, tí olúkúlùkù sì ní ipa ọ̀nà tirẹ̀. Ohùn kan a dá orin, òmíràn a tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta a sì gbà á lẹ́nu wọn. Adùn ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ewu pẹ̀lú ń bẹ. Bí ohùn kan ti ń pe ọ̀rọ̀ kan tí èkejì ń pe òmíràn, àdúrà a máa rì sínú orin. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1555 ni Póòpù Marcellus ti kìlọ̀ fún àwọn akọrin rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa yé ènìyàn. Àpérò àwọn àgbà ìjọ ní ìlú Trent gbé ọ̀ràn orin yẹ̀ wò ní 1562, wọ́n sì ní kí a mú orin tí kò mọ́ kúrò nínú ìsìn. Ní 1565, àwọn Kádínà kan mú kí àwọn akọrin Póòpù kọ àwọn orin Mísà kan ní etí wọn, láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń yéni.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé wọ́n fẹ́ pa irú orin yìí rẹ́ pátápátá, àti pé Mísà kan ṣoṣo tí Palestrina kọ ni ó gbà á là. Àwọn tí ó wádìí ìtàn kò rí ẹ̀rí èyí. Síbẹ̀, Mísà náà, tí ó fi sọrí Póòpù Marcellus, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1567, dáhùn ìbéèrè ìgbà náà. Ohùn mẹ́fà ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, àwọn ohùn a máa pe ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ a sì hàn kedere.

Ní 1571 ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú. Láàárín 1572 àti 1580, nígbà tí àrùn ń jà ní Róòmù, ikú mú arákùnrin rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, àti Lucrezia. Nínú ìbànújẹ́ ó pinnu láti di àlùfáà, ṣùgbọ́n ó yí ọkàn padà, ó sì fẹ́ opó oníṣòwò awọ ẹranko onírun kan ní 1581. Ó ṣe òwò náà dáradára, ó sì ń tẹ àwọn ìwé orin rẹ̀ jáde.

Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1594, a sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Orin Mísà tí ó fi sílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 1725, Fux kọ ìwé kan ní ìlú Vienna láti fi ọ̀nà Palestrina kọ́ni; nínú rẹ̀ ni Haydn àti ọ̀pọ̀ àgbà olórin ti kẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohùn púpọ̀ lè jùmọ̀ kọrin láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ sọnù, bí olúkúlùkù bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun gbé ohùn sókè àti ìgbà tí ó yẹ kí òun fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì.