Louis Braille: Ìwé àwọn afọ́jú tí àwọn tó ríran fòfin dè

Tí wọ́n bá ti pe Braille, ìwé oníkókó tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Orúkọ èèyàn ni o. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí ni ariwo tá à ń pa káàkiri pé ká máa kó àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá pọ̀ mọ́ àwọn yòókù ní kíláàsì kan náà. Ọmọ yìí ti jókòó nírú kíláàsì bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ọdún 1809 ni wọ́n bí i sí Coupvray, ìlú kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Paris. Iṣẹ́ awọ ni Simon-René, bàbá ẹ̀, ń ṣe. Ìjánu àti gàárì ẹṣin ló ń rán. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Louis nígbà tó yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, tó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dá awọ lu, tó fẹ́ ṣe bó ṣe máa ń rí i tí bàbá ẹ̀ ń ṣe. Irin náà yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gún un lójú. Kò sí oògùn apakòkòrò nígbà yẹn. Egbò kẹ̀, ó sì ràn mọ́ ojú kejì. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò rí nǹkan kan mọ́.

Lásìkò yẹn, àwọn ọmọ tálákà tó bá fọ́jú, ojú pópó ni wọ́n máa ń bá ara wọn, wọ́n á máa tọrọ báárà. Àwọn òbí Louis ò gbà. Bàbá ẹ̀ gbẹ́ ọ̀pá fún un kó lè máa rìn fúnra ẹ̀, ó sì kan ìṣó mọ́ pákó, ó fi ṣe lẹ́tà kí ọmọ lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Fádà ìlú náà, Jacques Palluy, kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló bá tíṣà Antoine Bécheret sọ̀rọ̀ kó gba ọmọ náà wọlé. Tíṣà gbà. Bí Louis ṣe di ọmọ ilé ìwé láàárín àwọn tó ríran nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ, ó ti mú un, ó sì wà lára àwọn tó mọ̀wé jù. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n ṣí ìwé, ó ti tán fún un. Ṣe lá kàn káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n fún un ní àyè nínú kíláàsì, wọn ò rí ìwé fún un.

Àwọn ìlú wọ̀nyẹn ṣe dáadáa, n ò ní bú wọn. Ọlọ́lá kan níbẹ̀ ló tún bá wọn kọ lẹ́tà sí ilé ìwé àwọn ọmọ afọ́jú tí Valentin Haüy dá sílẹ̀ ní Paris. Oṣù kejì ọdún 1819 ni Louis débẹ̀, ọmọ ọdún 10 ni.

Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ irú ìwé tó jẹ́. Lẹ́tà táwọn tó ríran ń kà náà ni wọ́n tẹ̀ ní ńlá ńlá kó lè yọ sókè lára pépà. Ìwé náà wúwo, kò sì pọ̀. Kí ọmọ tó fọwọ́ tọ lẹ́tà kan dé òpin, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tó kà ṣáájú. Wọ́n lè kà á, wọn ò lè kọ ọ́.

Lọ́dún 1821, Charles Barbier, tó ti ṣe ọ̀gá ṣọ́jà rí, gbé ọgbọ́n tiẹ̀ wá sílé ìwé náà. Kókó 12 ló fi ń kọ ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe dún lẹ́nu ló sì ń tẹ̀ lé. Kókó 12 ti pọ̀ jù lábẹ́ ìka kan, kò sì sí àmì ìdánudúró níbẹ̀. Louis, ọmọ ọdún 12, mú un, ó ń tú u, ó ń tò ó, lóru àti lásìkò ìsinmi. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 15, ó ti sọ ọ́ di kókó mẹ́fà: mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Kókó kan ṣoṣo lókè lápá òsì, A nìyẹn. Fi ọ̀kan sí abẹ́ ẹ̀, ó di B. Ìka kan á bo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1829 ló tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀, ó sì fi bí wọ́n ṣe máa fi kọ orin kún un, torí òun fúnra ẹ̀ máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó di tíṣà nílé ìwé náà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìwé ẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ríran ni ò fẹ́ ẹ. Àlàyé wọn ni pé tí afọ́jú bá ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀, yóò ya ara ẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ríran. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó tiẹ̀ jọ ìfẹ́. Àmọ́ ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìka. Ìwé tó rọ tíṣà lọ́rùn ni wọ́n ń jà fún. Braille ò kúkú fojú di ọ̀rọ̀ wọn: lọ́dún 1839 ó tún gbé ọgbọ́n míì jáde, tí afọ́jú lè fi kókó ya lẹ́tà gidi tí ẹni tó ríran á lè kà. Pierre Foucault, afọ́jú bíi tiẹ̀, ló bá a ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí Pierre-Armand Dufau di ọ̀gá ilé ìwé náà ní 1840, ó fòfin de kókó mẹ́fà. Àwọn ọmọ ń fi í kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀. Joseph Guadet, igbákejì Dufau, ló wá yí i lọ́kàn padà, nígbà tó sì di 1844 tí wọ́n ń ṣí ilé tuntun, wọ́n fi ìwé Braille hàn ní gbangba lójú àlejò.

Mo rántí Dufau yìí nígbà tí mo ń ka òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019. Òfin náà ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba gba àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ra, kí wọ́n sì máa kọ́ Braille àti èdè adití nílé ìwé. Mo ti wọ ilé ìwé tí ọmọ afọ́jú jókòó síwájú kíláàsì, tí ọ̀gá ń fi í yangàn fún mi, tí kò sì sí olùkọ́ kan níbẹ̀ tó lè ka ohun tí ọmọ náà kọ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń ka bọ́ọ̀dù sí i létí.

Ikọ́ ife ló pa Braille, ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní, ọdún 1852, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 43. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni Faransé tó gba ìwé náà wọlé bí ìwé àwọn afọ́jú. Nígbà tó di 1952, wọ́n hú òkú ẹ̀ ní Coupvray, wọ́n lọ tún un sin sí Panthéon ní Paris, níbi tí àwọn èèyàn ńlá wọn wà. Coupvray ò jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.