Al-Khwarizmi: oníṣirò tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ pín ilẹ̀ mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé algorithm ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí fídíò yín lórí TikTok, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ èèyàn lẹ ń dá lẹ́bi? Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi lorúkọ ẹ̀. Nígbà tí orúkọ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi èdè Látìn kọ̀wé, ẹnu wọn ò gbé e, wọ́n bá sọ ọ́ di Algoritmi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 780 ni wọ́n bí i. Orúkọ ẹ̀ fi hàn pé Khwarazm ni orírun ẹ̀, lápá ibi tó di Uzbekistan lónìí, àmọ́ Baghdad ló ti di olókìkí. Al-Ma'mun ló wà lórí oyè níbẹ̀ láti 813 sí 833, ọba tó fẹ́ràn ìmọ̀ gan-an. Ilé Ọgbọ́n ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Al-Khwarizmi kọ̀wé nípa ìràwọ̀, nípa àwọn ìlú àti odò ayé, àti nípa nọ́ńbà àwọn ará Íńdíà, tó di 1, 2, 3 tí à ń kọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwé kan ló mú mi jókòó kọ eléyìí.

Nǹkan bí ọdún 820 ló kọ ọ́. Ó sọ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pé nǹkan tó máa wúlò fáwọn tó ń pín ogún, tó ń ṣòwò, tó ń wọn ilẹ̀, tó ń gbẹ́ ojú omi lòun fẹ́ kọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ìṣirò dẹ́rù ba ọmọ ẹnikẹ́ni. Ogún pínpín nìkan gba apá tó pọ̀ nínú ìwé náà. Àmọ́ orí tó dá lórí ilẹ̀ wíwọ̀n ló dùn mọ́ mi jù. Ohun tó kọ́kọ́ là yéni níbẹ̀ ni pé tí a bá ti ní 1 báì 1, ilẹ̀ là ń sọ: ìgbọ̀nwọ́ 1 ní òòró, ìgbọ̀nwọ́ 1 ní ìbú. Tó bá jẹ́ 2 báì 2, ilẹ̀ kékeré yẹn á wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tó bá wá jẹ́ ìdajì báì ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, kì í ṣe ìdajì.

Ẹ dúró síbi ìdajì yẹn, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ní Ọ̀kà Àkókó, mo bá ìdílé kan tó fẹ́ pín ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, pílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 báì 100. Ọmọ méjì ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò òun obìnrin mú 25 báì 50. Ó dún bí ìdajì létí, àbí? Ìdajì 50 ni 25, ìdajì 100 ni 50. Àbúrò ti gbà. Ọmọ ẹ̀ tó wà ní JSS1 ló fi igi ya ilẹ̀ náà sórí iyẹ̀pẹ̀, tó wá ń to 25 báì 50 sínú ẹ̀. Mẹ́rin ló gbà! 5,000 ni gbogbo ilẹ̀, 1,250 ni wọ́n fẹ́ fún màmá ẹ̀. Ìdajì gan-an ni 50 báì 50, ìyẹn 2,500. Mi ò ní sọ pé ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é; ó ṣeé ṣe kóun náà má mọ̀. Ṣá, wọ́n tún un wọ̀n.

Tíṣà oníṣirò kan ní Ìkàrẹ́ sọ fún mi pé àwọn ọmọ lè ka ìsọdipúpọ̀ lórí bí ẹni ń kéwì, kí wọ́n má rí nǹkan kan lójú inú. Oko iṣu ló máa ń kó tiẹ̀ lọ. Ìlà 10, ebè 20 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: igba ebè nìyẹn, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka oko. Tọ́mọ bá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, á rí ìlà 20, ebè 10, igba náà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń kan 11 báì 12. Al-Khwarizmi ti ṣe irú ẹ̀ sílẹ̀: ó ya 11 sí 10 àti 1, ó ya 12 sí 10 àti 2. Ẹ yà á bí ilẹ̀, abala mẹ́rin lẹ máa rí: 100, 20, 10, 2. Àròpọ̀ ẹ̀ ni 132.

Àlọ́ ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù náà, àwòrán bí ilẹ̀ ló fi tú u. Ká ní ilẹ̀ kan wà tí òòró àti ìbú ẹ̀ dọ́gba. Tí a bá fi ìlọ́po 10 ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kún un, ó di 39. Mélòó ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀? Ó pín 10 sí 5 àti 5, ó so abala tí ìbú ẹ̀ jẹ́ 5 mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ilẹ̀ náà. Igun kan wá ṣófo, 5 báì 5. Ó fi 25 dí i, 39 di 64, ìyẹn 8 báì 8. Yọ 5 kúrò nínú 8, ó ku 3. Ẹ dán an wò: 9 àti 30, 39 náà ni.

Ní nǹkan bí ọdún 850 ló kú. Ní 1145, Robert ará Chester túmọ̀ ìwé náà sí Látìn ní Sípéènì, al-jabr tó wà nínú àkọlé ẹ̀ sì di algebra, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa sá fún ní sẹ́kọ́ńdìrì.